Èéfín Ọjọ́ Ajé

Òkè ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Kamẹrúùn, kì í ṣe ìbọn. Ẹni tí wọ́n bí sí etíkun Ìlàjẹ, tó dàgbà nínú ilé onípákó tí omi ń ṣàn kọjá lábẹ́ rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ mọ òkè? Òkúta kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní kékeré ni ọlọ tí Ìyé, ìyá mi, fi ń lọ ata, ọkọ̀ ló sì gbé òun náà wá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé abúlé apẹja tí Àǹtí Ìbídùn ń gbé, mo ṣílẹ̀kùn, mo rí ilẹ̀ tó dìde dúró gbagidi lẹ́yìn ìlú, tí orí rẹ̀ wọ inú ìkúùkùu lọ. Mo padà wọlé, mo tilẹ̀kùn.

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Kò ní ṣubú lù ọ́," ló wí. "Àwọn ọkùnrin wa fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òun ni wọ́n ń wò lójú òkun tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ilé wà."

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí Ìbídùn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń yan ẹja nílẹ̀ yẹn. Òun ló ránṣẹ́ sí èmi àti ọkọ mi pé ká wá, pé ẹja pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Nílé, ajalèlókun ti gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, òkun sì ti kó ilé wa lọ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo sọ pé ká lọ, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn. Ọkọ mi fẹ́ dúró. Mo sọ fún un pé ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bi igi léèrè orúkọ kó tó dì í mú. Mo rò pé ìjàngbọ̀n ò ní mọ̀nà ibi tá à ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣe àṣìṣe tí mò ń ru kiri dòní.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, Àǹtí sọ fún mi pé, "Lọ́la, ẹ ò gbọdọ̀ jáde o. Ọjọ́ Ajé ni." Mo ní ó dáa. Mo mọ̀ pé ìjà wà láàárín ìjọba àti àwọn ọ̀dọ́ kan tó wọ igbó pẹ̀lú ìbọn, mo sì ti gbọ́ pé àwọn ọmọ igbó wọ̀nyẹn ti pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú kú lọ́jọ́ Ajé: kò sí ọjà, kò sí ọkọ̀, kò sí ilé ìwé. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí n má lọ sọ́jà. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹja yíyan wà lára rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń pe ẹja yíyan níṣẹ́? Bí èèyàn ṣe ń wẹ ọmọ ni. Ẹja dé, o yan án. Bí o kò yan án, ó rà. Agbọ̀n ṣawa méjì wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Ọkọ mi ti lọ sùn sọ́dọ̀ àwọn ará wa lábúlé kejì, Àǹtí sì ń sùn lọ́wọ́ nígbà tí mo kó igi ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ etí omi tí àwa Ìlàjẹ fi ń yan ẹja, mo sì dáná nínú ilé ìyanja lẹ́yìnkùlé. Inú mi ń dùn pé màá fi hàn án pé mi ò kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àwọn márùn-ún ni wọ́n dé. Wọ́n fi aṣọ di imú àti ẹnu, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn, ojú ọmọdé. Wọ́n béèrè ẹni tó ni èéfín tó ń jáde látorí òrùlé yẹn. Mo la ẹnu. Àǹtí ti jáde pẹ̀lú ìró tó so mọ́ àyà, ó sì fi pijin, Gẹ̀ẹ́sì àdàlù wọn, dá wọn lóhùn kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ: "Tèmi ni. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan, kò gbọ́ èdè yín."

Wọ́n ní kó na ọwọ́ ọ̀tún. Àjẹ̀ tí ọkọ mi fi ń wa ọkọ̀, tó fara ti ògiri, ni wọ́n mú. Mi ò ní sọ iye ìgbà tí wọ́n nà án. Lẹ́yìn náà wọ́n finá sí ilé ìyanja, gbogbo ẹja tó ti ń tò jọ láti oṣù mẹ́ta jóná mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, ìka ọwọ́ ọ̀tún Àǹtí ò ká wọlé mọ́. Ó ń fi ọwọ́ òsì jẹun, nǹkan tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ nà wá nígbà tá a wà lọ́mọdé. Kò bá mi wí lọ́jọ́ kan. Ì bá ti bá mi wí, ara ì bá tù mí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọjọ́ Ajé. Nílé, ọjọ́ tí oníṣòwò ń tètè jí kí oríire má baà kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni. Níbẹ̀, a ó ti se oúnjẹ ọjọ́ méjì sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, a ó bu omi sínú gbogbo ohun tó bá ní ìdí, a ó gbé ike ìtọ̀ sí igun yàrá, a ó sì tilẹ̀kùn. Oúnjẹ tútù ni a ó jẹ láàárọ̀, òun náà la ó jẹ lálẹ́. Ibẹ̀ ni mo bí Tólú sí, ọmọ mi obìnrin. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọrin.

Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn sójà á dé. Wọ́n á béèrè ìdí tá a fi tilẹ̀kùn lánàá. Lójú wọn, ẹni tó bá tilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé ti gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ igbó. Lójú àwọn ọmọ igbó, ẹni tó bá ṣí i ti gbè sẹ́yìn ìjọba. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo ní.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ọjọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Àbámẹ́ta, èèyàn a máa gbé ayé. Mo gbọ́ pijin tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bá àwọn oníbàárà jà nínú rẹ̀, tí mo sì ń borí. Àwọn obìnrin ìlú òkè wá ń béèrè ẹja mi, wọ́n ní kì í korò, wọ́n ní èéfín ẹ̀gbà yẹn ní òórùn tiẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí èmi nìkan gun ọ̀nà òkè yẹn pẹ̀lú agbọ̀n lórí, láìdi ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú. Nígbà tí mo dókè, mo yíjú padà, mo rí òkun nísàlẹ̀, ó kéré bí omi inú àwo. Mo bú sẹ́rìn-ín lémi nìkan. Omi tó ń lé wa kiri látọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, mo wá wà lókè rẹ̀.

Ìyé mi máa ń pè mí lọ́jọ́ Ajé, nítorí ó mọ̀ pé mo wà nílé. Mi ò sọ ìdí tí mo fi wà nílé fún un. Mo ní ìsinmi ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

"Wo ti jẹun?" Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Mo ti jẹun, Ìyé."

"Kí wo jẹ?"

"Pupurú àti ọbẹ̀ ẹja, ó ń gbóná fẹlifẹli." Gààrí tútù ló wà níwájú mi.

"Ó dáa. Ọkàn mi balẹ̀."

Lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà tí àárò ilé fẹ́ pa mí, mo sunkún sí i létí lórí fóònù. Kò sọ pé kí n mú sùúrù. Ó gbé fóònù jáde sójú fèrèsé kí n lè gbọ́ omi lábẹ́ ilé, bó ṣe ń fọwọ́ gbá àwọn òpó ilé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohùn tí mo fi sùn láti kékeré nìyẹn. Látìgbà náà, bó bá ti gbọ́ pé ohùn mi wúwo, á ní, "Dúró," á sì gbé fóònù lọ sójú fèrèsé.

Ṣùgbọ́n èmi náà ní etí. Lọ́dún kẹta, omi yẹn ò rọra gbá nǹkan kan mọ́. Ó ń lu pákó ni. Mo béèrè pé, "Ìyé, ṣé omi ò tíì dé ùlé?"

"Omi wà níbi tó wà. Jẹun rẹ."

Ẹnìkan tó ti ọ̀nà Ugbonla nílé wá ló sọ òótọ́ fún mi, pé Ìyé ti kó ilé sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ń tú pákó, wọ́n ń gbé e sẹ́yìn, òkun ń tẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń parọ́ fún ara wa, èmi lọ́hùn-ún, òun nílé, ọkàn àwa méjèèjì ò sì balẹ̀ rí. Mo máa ń rò ó lọ́jọ́ Ajé nínú òkùnkùn yàrá yẹn pé, níbo gan-an ni tèmi? Àwọn sójà ń pè wá ní àjèjì. Àwọn ọmọ igbó ń sọ pé ìjà àwọn kò kàn wá, wọ́n sì ń nà wá nítorí rẹ̀. Nílé ẹ̀wẹ̀, ibi tí wọ́n sin ìwọ́ mi sí ti di ọ̀nà ẹja.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ dópin, àsìkò òjò ni. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Bàbá Tólú àti ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń bá a jáde, Bọ̀dá Kọ́lá, ti lọ sójú òkun. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló yẹ kí wọ́n dé, nítorí gbogbo apẹja ló mọ̀ pé ọjọ́ Ajé kò gbọdọ̀ bá òun lórí omi. Wọn ò dé. Ìkúùkùu bolẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì bo òkè yẹn pátápátá, bíi pé ẹnìkan jí i gbé. Fóònù ọkọ mi ò lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, mo wò láti ihò ògiri, mi ò rí ọkọ̀ àwọn aládùúgbò tó wà létí omi, bẹ́ẹ̀ kò ju ogún ẹsẹ̀ sí wa lọ. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ò nílò òkè wọn, pé imú lòun fi ń wálé. Láàárọ̀, atẹ́gùn máa ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sójú òkun, á sì gbé òórùn ẹja yíyan jáde sí wọn, jìnnà réré. Ó ní láàárín gbogbo iná etíkun yẹn, òun mọ tèmi. Tó bá fi máa di ìyálẹ̀ta, atẹ́gùn á yí padà, á máa ti òkun bọ̀ wálẹ̀. Bí wọ́n bá ń wa ọkọ̀ kiri nínú funfun yẹn láìmọ ibi tí ilẹ̀ wà, kò sí ẹja tí ẹnikẹ́ni ń yan lónìí tí wọ́n lè gbóòórùn rẹ̀.

Mo dìde. "Àǹtí, mo fẹ́ dáná."

Ó wò mí. Kò béèrè ìdí, ìyàwó apẹja lòun náà jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì gbé e lé itan. "Wo ti gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé."

"Bí wọ́n bá dé, wọn ò ní béèrè ẹni tó wà lójú omi."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ."

"Ọmọ ní bàbá, Àǹtí."

Ojú tì mí bí mo ṣe sọ ọ́. Ta ni mo jẹ́ tí n ó tún bẹ obìnrin yìí pé kó jẹ́ kí n dá iná tó jẹ ẹ́ lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n ìtìjú ò tó láti dá mi dúró. Mo fún ọ̀já Tólú mọ́ra, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi sínú ilé ìyanja tá a ti tún kọ́. Ìṣáná mẹ́rin kú kí ìkarùn-ún tó mú.

Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. "Igi tútù ni kí wo fi sí i," ni Àǹtí wí. "Èéfín là ń wá, kì í ṣe iná. Igi nìkan náà ò tó, gbogbo igbó yìí ló ń rùn bí igi." Ó ti fi ọwọ́ òsì gbé agbọ̀n ṣawa tó kù nílẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n irin lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, bí ẹni tó fẹ́ tà á lọ́jà lọ́la. Òróró ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú iná, ó ń dún ṣáá, ṣáá, òórùn náà sì dìde.

Láti inú ilé tó tẹ̀ lé tiwa, ìyá kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà fi pijin bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri pákó. Kò pariwo. "Ìyá Tólú, pa iná yẹn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Mo ní ọmọ mẹ́rin nínú ilé yìí." Ìyá yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń náwó wọn. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo fi igi míì sí i.

A dúró. Èéfín fò lé òrùlé, atẹ́gùn gbá a mú, ó gbé e lọ sínú funfun lójú òkun. Tólú sùn lẹ́yìn mi. Mò ń fetí sí ọ̀nà igbó, mò ń fetí sí omi, mi ò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dún. Mo ń wo ewé àgbọn kan lókè. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń tọ́ka sí òkun, atẹ́gùn ò tíì yí. Nígbà tó ṣe, ewé náà rọ̀, kò tọ́ka síbì kankan mọ́.

Omi ló kọ́kọ́ dún. Àjẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ni ohùn Bọ̀dá Kọ́lá, ó ń ké pé, "Ibẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ nìyẹn." Mo sáré wọ inú omi títí dé orúnkún. Ẹ́ńjìnnì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì ti fi gbogbo òru wa ọkọ̀ yípo ojú kan. Ètè ọkọ mi ti bó. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹja ta lẹ ń yan lónìí?" Ó ti mọ ọjọ́ tí ó jẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ìgbà náà ni ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lọ́nà igbó.

Àǹtí dúró sétí omi. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Gbé ọmọ sínú ọkọ̀. Ẹ rọ̀ mọ́ etíkun títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa lábúlé kejì, wọ́n á fún yín ní ẹ́ńjìnnì."

"Àǹtí, ẹ wọlé sínú ọkọ̀."

"Bí gbogbo wa bá lọ, àwọn aládùúgbò ni wọ́n máa bi léèrè ẹni tó ni iná. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò ní tòun ni."

"Èmi ni mo dá a."

"Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ jù ọ́ lọ," ló wí, ó sì fi ọwọ́ òsì ti ọkọ̀ náà kúrò létí omi.

Wọ́n ní bí iná bá ń jó ni, tó sì ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Mi ò fẹ́ràn òwe yẹn mọ́. Mo ti ṣe é, mo mọ bó ṣe rí. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, ìkúùkùu ti gbà á, èéfín nìkan ni mo ń gbóòórùn, ó sì tẹ̀ lé wa jìnnà.

A ti délé báyìí. Pákó ilé tí Ìyé tú lẹ́ẹ̀kẹta la fi kọ́ èyí tí à ń gbé, sẹ́yìn díẹ̀ sí i, ní ọ̀nà Mahintedo. Òkun ṣì ń bọ̀. Àwọn ajalèlókun ṣì wà. Mo ń yan ẹja lọ́jọ́ tó bá wù mí, síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ mi kì í fẹ́ ṣáná, mo sì máa ń wo ọ̀nà kí n tó fẹ́ná. Tólú ti ń kọrin.

Àǹtí wà láàyè. Oṣù kan gbáko kọjá ká tó gbóhùn rẹ̀. Wọ́n jó ilé náà, ó ti tún òmíràn kọ́, ìyẹn nìkan ló sọ fún mi. Bí mo bá béèrè ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin yẹn, á ní wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹbí wọn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé. Ó ní ilé wo, èyí tí ẹ gbé sẹ́yìn lánàá àbí èyí tí ẹ máa gbé sẹ́yìn lọ́la?

Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń pè é, nítorí mo mọ̀ pé ó wà nílé.

"Àǹtí, ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

"Pupurú àti ọbẹ̀ ẹja. Ó ń gbóná."

Èmi ni mo ni irọ́ yẹn, mo mọ gbogbo igun rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá yìí, lẹ́yìn tó ti parọ́ oúnjẹ rẹ̀ tán, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Wo ń yan ẹja lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣawa ni."

"Igi ẹ̀gbà?"

"Igi ẹ̀gbà ni, Àǹtí."

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí nínú yàrá tí wọ́n tì pa yẹn. Mo ní, "Ẹ dúró." Mo gbé fóònù lọ sẹ́bàá àwọ̀n irin, níbi tí òróró ti ń kán sínú iná. Iná náà ń ta mí lọ́wọ́. Mo dì í mú síbẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ fi sọ pé ó tó.